Ewé Tí A Kọ ‘Suk’ Sí

Òkèlè kẹta ni Nọ́ọ̀sì Latsami wà kí ó tó mọ̀ pé ẹran tútù ni òun ń jẹ.

Kì í ṣe pé ojú rẹ̀ fọ́. Ó dúró níwájú aláìsàn mẹ́wàá ní ilé ìwòsàn Hatkeo, ó sì ń kọ́ wọn ní ẹ̀kọ́ tí ó máa ń kọ́ wọn ní gbogbo ọ̀sán Ọjọ́ Ẹtì: pé laap, ẹran tí a ṣá wẹ́wẹ́, tí a sè jinná ni oúnjẹ tí ara ń fẹ́, pé èyí tí a jẹ ní tútù kò yàtọ̀ sí kí ènìyàn ya yàrá fún aràn nínú ìfun ara rẹ̀. Kí ọ̀rọ̀ náà lè wọ̀ wọ́n lára, ó tú ìdì ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan, ó fi ìrẹsì bu ẹran, ó ń jẹ, ó sì ń sọ̀rọ̀. Ewé míńtì bo ẹran náà lójú. Àwọn aláìsàn ni wọ́n kọ́kọ́ rí i pé omi pupa ń ṣàn bọ̀ sí i ní ìgúnpá.

“Nọ́ọ̀sì,” ni baba kan wí láti orí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, “ṣé aràn ò mọ ọ̀nà ilé tiyín ni?”

Latsami wo ọwọ́ rẹ̀. Igbe tí ó ké jí mi ní àgọ́ ọlọ́pàá tí ó wà ní òdìkejì títì.

Nígbà tí èmi, Sithon, tí mo jẹ́ ọ̀gá àgọ́ náà, fi máa dé ibẹ̀, wọ́n ti rí ẹni tí wọn yóò di ọ̀ràn náà rù. Wọ́n ti tẹ́ ewé náà sórí àga. Ìwé pélébé kan há mọ́ okùn tí a fi dì í, a sì fi yíǹkì dúdú kọ ọ̀rọ̀ méjì sí i: *laap suk*. Ní èdè tiwa, ohun tí ó bá jinná ni à ń pè ní suk. Ọ̀rọ̀ yìí kan náà ni Dókítà Phuvong, olórí ilé ìwòsàn náà, ní kí a kọ gàdàgbà sára ògiri: Ẹ JẸ Ẹ́ NÍ SUK. Ẹnì kan ṣoṣo ni ó sì ń ta laap tí ó jinná ní gbogbo àyíká náà, Buakeo, opó tí àtíbàbà rẹ̀ fara ti ẹnu-ọ̀nà ilé ìwòsàn.

“Kí ni a tún ń wádìí?” ni mo bi ara mi. Mo fa bíírò yọ láti kọ orúkọ rẹ̀.

Ohun tí ó jẹ́ kí ọwọ́ mi wúwo ni pé gbogbo wa la mọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ ní agogo mẹ́rin ọjọ́ náà. Ìgbìmọ̀ ẹni mẹ́ta fẹ́ jókòó láti yan ẹni tí yóò máa se oúnjẹ àwọn aláìsàn, Buakeo ni wọ́n sì fẹ́ yàn. Ògiri tuntun tí ilé ìwòsàn ń mọ yóò gba ojú àtíbàbà rẹ̀ kọjá ní Ọjọ́ Ajé. Bí kò bá wọ ilé ìdáná yẹn, kò sí ibòmíràn tí yóò gbé ìkòkò rẹ̀ kalẹ̀. Latsami alára sì jẹ́ ọ̀kan nínú ìgbìmọ̀ náà.

“Sithon.”

Mo yíjú padà. Ìyá Tíṣà Sengalun ni ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó ń dúró kí wọ́n wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ọdún méjìdínlógójì ni ó fi kọ́ àwọn ọmọ Hatkeo ní bí a ṣe ń kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Láti ìgbà tí ó ti fẹ̀yìn tì, ọ̀ràn mẹ́ta ni ó ti bá mi tú; mo kọ gbogbo wọn sílẹ̀ ní orúkọ ara mi, kò sì bínú, àṣìṣe akọtọ́ tí ó wà nínú ìwé náà nìkan ni ó torí rẹ̀ bá mi wí.

“Ẹ kú ọ̀sán, Ìyá Tíṣà.”

“Bíírò yẹn, dá a padà sápò. Gbé ewé yẹn fún mi wá.”

Kò wo ẹran náà. Ìyẹ̀fun ìrẹsì yíyan tí ó lẹ̀ mọ́ etí ewé ni ó fi ìka bù, tí ó gbé sí imú. Lẹ́yìn náà ni ó wo ìwé pélébé náà, ó wò ó pẹ́ ju bí ó ti yẹ kí ènìyàn wo ọ̀rọ̀ méjì lọ.

“Latsami, níbo lo ti rí i?”

“Orí tábìlì baba tó ń ṣọ́ ẹnu-ọ̀nà ni, mà, níbi tí Àǹtí Buakeo máa ń gbé tèmi sí. Méjì ni mo bá níbẹ̀ lónìí. Wọ́n kọ *suk* sí ọ̀kan, wọn ò kọ nǹkan kan sí ìkejì. Èwo lẹ rò pé kí n mú? Mo ní Àǹtí ti lajú nìyẹn, ó ti ń kọ nǹkan sára ọjà.”

“Ìkejì ńkọ́?”

“Mi ò mọ̀, mà. Ẹnu mi ṣì ń korò.”

A bi baba ẹnu-ọ̀nà. Ó ní lóòótọ́, ìdì méjì ni. Nọ́ọ̀sì gbé ọ̀kan. Òun lọ tọ̀. Nígbà tí òun dé, tábìlì ti mọ́ tónítóní. Ta ló gbé ìkejì? Ó ní bí ìtọ̀ bá gbé ènìyàn, kì í gbé ojú rẹ̀ sílẹ̀ lórí tábìlì.

*

Buakeo kò sunkún, kò sì bẹ̀bẹ̀. Ó ní kí a jókòó lábẹ́ àtíbàbà òun.

“Ẹ ní mo se ẹran tí kò jinná. Ó dáa. Ẹ wò mí.”

Ó gbé ẹran màlúù tí kò ní ọ̀rá lára sórí kùkùté igi àjàgbọn, ó mú ọ̀bẹ méjì, ọ̀kan lọ́wọ́ ọ̀tún, ọ̀kan lọ́wọ́ òsì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí ṣá a títí ẹran náà fi di wẹ́wẹ́ tí ó ń lẹ̀ mọ́ ara wọn. Ó da omi bí ẹnu ife kan sínú agbada, kò fi epo kankan sí i. Ó da ẹran sí i, ó ń rò ó títí pupa ojú rẹ̀ fi lọ pátápátá.

“Ó jinná àbí kò jinná?”

“Ó jinná, Àǹtí,” ni mo dáhùn. Mo ti gbé itọ́ mì.

“Ọlọ́pàá ò gbọdọ̀ máa da itọ́ lójú ẹ̀sùn,” ni Ìyá Tíṣà wí.

Buakeo sọ agbada kalẹ̀ kúrò lórí iná. Ìgbà náà ni ó fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, tí ó ta omi ẹja oníyọ̀ sí i, tí ó bu ata gbígbẹ sí i, tí ó sì wọ́n ìyẹ̀fun ìrẹsì yíyan lé e. Míńtì àti àlùbọ́sà eléwé ni ó kẹ́yìn. “Ewé kì í bá iná ṣeré,” ni ó wí. Ó gé apálá sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Ìyá Tíṣà na ọwọ́ sí agolo ìyẹ̀fun náà, ó gbóòórùn rẹ̀. “Kí lo fi yan ìrẹsì yìí?”

“Gbòǹgbò bí atalẹ̀ yẹn ni, mà. Bí ìyá mi ṣe ń ṣe é nìyẹn.”

“O kì í fi ewé ọsàn sí i?”

“Ewé ọsàn kẹ̀? Thongdam tó ń ta tútù létí odò ló ń fi ewé ọsàn yan tiẹ̀, torí kó lè bo òórùn ẹ̀jẹ̀ mọ́lẹ̀.”

“Ìdì mélòó lo gbé sí ẹnu-ọ̀nà lónìí?”

“Ẹyọ kan. Ti Latsami. Kò sí ẹlòmíì nínú ọgbà yẹn tó rà lọ́wọ́ mi lónìí, mo ṣì wà nídìí iná nígbà tí wọ́n pariwo.”

“Kí lo kọ sára rẹ̀?”

Buakeo wo ìyá náà bí ẹni tí wọ́n bi ní ìbéèrè ọmọdé. “Kí ni mo fẹ́ kọ? Ṣé adìyẹ máa ń kọ ‘ẹyin’ sára ẹyin ni? Jíjinná nìkan ni mò ń tà, mà!”

Mo dìde dúró. Ọ̀ràn ti tú sí mi lójú. “Thongdam!” ni mo wí. “Òun ló ṣe é. Ó fẹ́ ba Àǹtí jẹ́ lónìí tí ìgbìmọ̀ fẹ́ jókòó. Ó di ẹran tútù, ó kọ ‘ó jinná’ sí i, ó sì—”

“Jókòó,” ni Ìyá Tíṣà wí. “Jẹ laap. Ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe ayédèrú ìdì Buakeo, báwo ni yóò ṣe dì í?”

“Yóò dì í bí Buakeo ṣe ń dì í.”

“Buakeo kì í kọ nǹkan sára ìdì. Ìwé tí ó há mọ́ ewé yẹn gan-an ni ó jẹ́rìí pé ẹni tí ó dì í kò fẹ́ jọ Buakeo rárá. Ẹni tí ń ta èyí tí ó jinná kò ní kọ ‘ó jinná’ sí i. Ẹni tí ń ta tútù kò ní kọ ọ́, nítorí irọ́ ni, oníbàárà rẹ̀ yóò sì sọ ọ́ lù ú. Ẹni tí ń parọ́ mọ́ni kò ní kọ ọ́, nítorí ìwé náà kò ní jẹ́ kí irọ́ rẹ̀ jọ òótọ́. Ó wá ku ta ni?”

Mo ronú, mo tún bu laap. “Kò ku ẹnì kan, mà.”

“Ó dára. Nítorí náà, ìbéèrè wa ni ó burú.”

*

Inú ilé pákó létí odò Mẹ́kọ́ńgì ni Thongdam ti ń ta tiẹ̀. Ọkùnrin gbọọrọ ni, irunmú rẹ̀ tinrín bí ìlà tí a fi lẹ́ẹ̀dì fà. Ó gbóòórùn ìyẹ̀fun etí ewé náà, kò sì jiyàn.

“Tèmi ni. Òróǹro rẹ̀ gan-an, èmi ni mo fún un sí i. Mo rán an lọ síbẹ̀ ní agogo mọ́kànlá.”

“O jẹ́wọ́!” ni mo wí.

“Ọ̀gá ọlọ́pàá, kí ni mo jẹ́wọ́? Ọlọ́jà gbé ọjà fún oníbàárà. Ta ló ní kí nọ́ọ̀sì jẹ oúnjẹ olóúnjẹ?”

“Kí ló dé tí o kọ *suk* sára ẹran tútù?”

Ó fẹ́ fèsì, ó tún pa ẹnu dé. Ojú rẹ̀ lọ sára ògiri, ó sì yára gbé e kúrò níbẹ̀. Ó ti pẹ́ jù: mo ti rí i. Àwọn ìwé pélébé wà lára ògiri náà tí ó há mọ́ ọparun kan, a kọ *laap chan* sí ọ̀kan, a kọ *laap phut* sí òmíràn.

Mo fa Ìyá Tíṣà sí ẹ̀gbẹ́ kan. “Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ nìyẹn, mà. Ẹnì kan ń jẹ́ Chan, ẹnì kan ń jẹ́ Phut. Ẹ jẹ́ kí n lọ kó wọn.”

Ó wò mí pẹ̀lú ojú tí ó fi máa ń wò mí nígbà tí mo wà ní kíláàsì kejì. “Máa lọ,” ni ó wí. “Máa sáré.”

Mo sáré. Chan mẹ́rin ni ó wà ní Hatkeo. Àkọ́kọ́ kò ní eyín kan lẹ́nu, omi ìrẹsì ni ó ń mu. Èkejì ti wọ ilé ìsìn láti oṣù mẹ́ta, ó ti fá orí. Ẹ̀kẹta ń ya ìgbẹ́ nígbà tí mo wọlé. Oṣù mẹ́rin ni ọjọ́ orí rẹ̀, ìyá rẹ̀ sì bi mí bóyá mo fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu ọmọ náà. Ẹ̀kẹrin lépa mi pẹ̀lú ìgbálẹ̀. Kò sí ẹni tí ó ń jẹ́ Phut. Nígbà tí mo padà, òógùn ti rẹ aṣọ mi, agogo mẹ́ta sì ti kọjá. Ìyá Tíṣà àti Thongdam jókòó, wọ́n ń mu tíì.

“Sithon, ọjọ́ wo ló ń tẹ̀ lé Ọjọ́ Àìkú?”

“Ọjọ́ Chan, mà, Ọjọ́ A—”

“Lẹ́yìn ọjọ́ méjì sí i?”

“Ọjọ́ Phut, Ọjọ́rú.” Mo jókòó sílẹ̀. “Òní sì ni Ọjọ́ Suk.”

“Mo kọ́ yín ní ọdún kejì: bí a ṣe ń kọ ‘jinná’ ni a ń kọ ‘Ọjọ́ Ẹtì’, bẹ́ẹ̀ náà ni a sì ń kọ ‘ìdùnnú’. Ọ̀rọ̀ kan, ìtumọ̀ mẹ́ta. Mo ní kí ẹ máa fi ‘ọjọ́’ sí iwájú rẹ̀ kí ó má baà rú ènìyàn lójú. Thongdam kò fi sí i. Mo na Thongdam nítorí rẹ̀ nígbà náà.”

“Wọ́n nà mí lóòótọ́,” ni Thongdam wí.

“Kí ló dé tí o kò kọ orúkọ oníbàárà?” ni mo bi í.

Thongdam mí kanlẹ̀. “Ọ̀gá, àwọn wo lẹ rò pé wọ́n ń ní kí n gbé tútù wá fún wọn ní bòókẹ́lẹ́? Ẹni tó ti búra fún ìyàwó ẹ̀ ni. Ẹni tó ti ṣèlérí fún dókítà ni. Bí mo bá kọ orúkọ wọn, ilé á tú. Ni mo bá ń kọ ọjọ́ tí kálukú ń jẹun.”

“O ò wá ronú pé wọ́n á kà á sí ‘ó jinná’?”

“Ọgbọ̀n ọdún ni mo ti ń ta tútù, Ọ̀gá. Ọ̀rọ̀ jíjinná ò wá sí mi lọ́kàn rí.”

“Ta ni ó ni Ọjọ́ Ẹtì?”

Ó kó ẹnu rẹ̀ jọ bí ẹnu àpò. Mo fi àtìmọ́lé halẹ̀ mọ́ ọn. Ó ní kí n jẹ́ kí òun mú ìrọ̀rí. Ó ní bí òun bá dárúkọ ẹnì kan, oníbàárà wo ni yóò tún yà sọ́dọ̀ òun?

“Fi í sílẹ̀,” ni Ìyá Tíṣà wí. “Àwa náà lè ṣírò. Ìdì méjì wà lórí tábìlì. Latsami gbé ti Ọjọ́ Ẹtì. Ẹni tí ó ni Ọjọ́ Ẹtì ti pẹ́ kí ó tó dé, ó bá ẹyọ kan, ó rò pé tirẹ̀ ni, ó gbé e. Nítorí náà, ẹnì kan wà nínú ọgbà ilé ìwòsàn yẹn lónìí tí ó tú ewé, tí ó ń retí tútù, tí ó sì bá laap Buakeo.”

“Ẹ jẹ́ ká lọ tú yàrá wọn.”

“Ogójì òṣìṣẹ́? Agogo mẹ́rin ku ogún ìṣẹ́jú. Ohun kan ṣoṣo ni a nílò, kí ẹnì kan sọ fún wa pé òun jẹ laap Buakeo lónìí. Nítorí kò sí ẹni tí ó rà á bí kò ṣe Latsami.”

“Ta ni yóò sọ bẹ́ẹ̀ fún wa, mà?”

“Ẹni rere,” ni ó wí, ó sì dìde.

*

Dókítà Phuvong ni ó jókòó sí ààrin. Latsami wà ní ọ̀tún rẹ̀, igo omi mẹ́ta níwájú rẹ̀. Akọ̀wé àgbà kan wà ní òsì tí ojú rẹ̀ là sílẹ̀ ṣùgbọ́n tí etí rẹ̀ ti sùn. Buakeo dúró lẹ́bàá ilẹ̀kùn, ó wẹ̀, ó ró ìró síńì tí ó fi ṣe ìyàwó.

“Ọ̀rọ̀ yìí dùn mí,” ni Dókítà wí. Ohùn rẹ̀ kò jáde tán. “Ṣùgbọ́n ẹran tútù ni wọ́n bá, nínú ìdì tí wọ́n kọ... tí wọ́n kọ ohun tí wọ́n kọ sí. A kò lè fi àwọn aláìsàn...”

“Kí a fọwọ́ sí i pé a kò gbà á,” ni Latsami wí. “Ẹ má bínú sí mi, Àǹtí Buakeo. Inú mi ń run.”

Buakeo tẹrí ba. Mo rí ọwọ́ rẹ̀ tí ó di etí síńì rẹ̀ mú.

Ìyá Tíṣà jókòó lẹ́yìn láìjẹ́ pé ẹnì kan pè é. “Ẹ jọ̀ọ́,” ni ó wí, “kí ẹ tó fọwọ́ sí i, ó tọ́ kí a gbọ́ ẹ̀gbẹ́ kejì. Nọ́ọ̀sì ti sọ ohun tí ó jẹ. Ǹjẹ́ ẹnì kan wà nínú yàrá yìí tí ó lè jẹ́rìí sí i pé òun tọ́ laap Buakeo wò lónìí, tí ó sì bá a pé ó jinná? Bí kò bá sí, kí ẹ fọwọ́ sí i.”

Fáànù ń yí. Akọ̀wé tẹ́ ìwé síwájú Dókítà, ó sì ṣí bíírò fún un. Dókítà gbà á. Ó wo bíírò náà, ó wo Buakeo, ó gbé bíírò kalẹ̀.

“Èmi,” ni ó wí. “Mo jẹ ẹ́ ní ọ̀sán yìí. Ó jinná dáadáa, kò kù síbì kan. Ó dùn.”

Ayọ̀ bo ojú Buakeo fún ìwọ̀n ìgbà tí ènìyàn lè fi mí lẹ́ẹ̀kan, lẹ́yìn náà ni ó yanu. “Ṣùgbọ́n Dókítà, ẹ ò ra nǹkan lọ́wọ́ mi lónìí.”

“Mi ò rà á.”

“Kò sí ẹni tó rà á, àfi—” Latsami dúró. Ó yíjú díẹ̀díẹ̀ sí ọ̀gá rẹ̀. “Oúnjẹ mi lẹ jẹ?”

“Ìwọ náà lo jẹ tèmi, Latsami.”

Akọ̀wé jí.

“Obìnrin kan ń rọbí, mo pẹ́ kí n tó jáde,” ni Dókítà wí, ó ń bá tábìlì sọ̀rọ̀. “Ẹyọ kan ni mo bá, mo sì gbé e. Nígbà tí mo tú u tí mo rí i pé ó jinná, mo mọ̀ pé àṣìṣe ti ṣẹlẹ̀. Nígbà tí mo gbọ́ igbe, mo mọ irú àṣìṣe tí ó jẹ́. Láti ìgbà náà ni mo ti jókòó sí ọ́fíìsì, tí mò ń wo ìwé tí èmi alára ní kí wọ́n kọ sára ògiri.”

“Dókítà!” ni Latsami ké. “Ẹ̀yin! Tí ẹ ní kí n máa pariwo láti àárọ̀ dalẹ́!”

“Bàbá mi ni ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Bí a bá kórè tán, òun yóò fún òróǹro sí i, yóò sì fi òkèlè kan sí mi lẹ́nu. Ìkorò yẹn ni mò ń wá kiri, mi ò lè jáwọ́. Ọjọ́ kan lọ́sẹ̀ ni mo fi àyè gbà á.”

Mo tún fa bíírò mi yọ, ṣùgbọ́n mi ò mọ ẹ̀sùn tí mo fẹ́ kọ. Ìyá Tíṣà fi orí kọ̀ fún mi, mo sì dá a padà.

Ìpinnu ìgbìmọ̀ náà kò gba ìṣẹ́jú méjì: wọ́n yan Buakeo. Ti Latsami ni ó pẹ́. Ó fa Dókítà lọ́wọ́ lọ síwájú àwọn aláìsàn mẹ́wàá náà, àwọn méjèèjì sì gbé oògùn aràn mì lójú wọn. Baba orí bẹ́ẹ̀dì ní kí Dókítà ya ẹnu, kí ó gbé ahọ́n sókè kí òun wò ó. Ó yà á.

Bí a ti ń lọ sílé, mo bi Ìyá Tíṣà pé, “Ẹ ti mọ̀ pé òun ni?”

“Mi ò mọ̀. Mo mọ̀ pé ẹni náà kò lè ráhùn, mo sì ń fẹ́ mọ̀ bóyá yóò lè gbèjà Buakeo. Ẹni tí ń pa àṣírí ara rẹ̀ mọ́ kì í sábà gbèjà ẹlòmíràn.”

“Ó ṣeé ṣe kí ó má mọ̀ pé òun ń tú ara òun fó.”

“Ọkùnrin tí ó máa ń ronú títí yóò fi mọ àìsàn tí ó wà lára ènìyàn? Ó mọ̀, Sithon. Ó wo bíírò yẹn kí ó tó gbé e kalẹ̀.”

*

Ní àárọ̀ Ọjọ́ Ajé, àwọn bíríkìlà dé, wọ́n sì fa okùn ògiri gba ojú àtíbàbà Buakeo. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀ mọ́. Èmi àti baba ẹnu-ọ̀nà ni a gbé kùkùté àjàgbọn náà wọ ilé ìdáná. Ẹ̀yìn mi kò tíì gbàgbé.

Ní agogo méjìlá, àwọn aláìsàn tò, Dókítà Phuvong sì tò sẹ́yìn gbogbo wọn, àwo lọ́wọ́, láìwo ojú ẹnì kan. Nígbà tí ó kàn án, Buakeo kò bù fún un láti inú agbada ńlá. Ó ṣí ìkòkò kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

“Kí nìyẹn, Àǹtí?”

“Ẹ jẹun.”

Ó fi ìrẹsì bù ú, ó fi sẹ́nu. Ó dẹ́kun jíjẹ. Ó wo ẹran náà: kò sí pupa kankan lójú rẹ̀.

“Òróǹro wà níbí,” ni ó wí.

“Mo sè é kó hó kí n tó dà á sí i. Ọdún mẹ́fà ni mo fi wà lẹ́nu ọ̀nà yín, Dókítà. Ẹ ò ṣáà bi mí.”

Ó jẹ ẹ́ lórí ìdúró, níwájú gbogbo ènìyàn, títí àwo fi mọ́. Lẹ́yìn náà ni ó padà lọ sí ẹ̀yìn ìlà.